Òkúta Kíndìnrín Bàbá Mi àti Ìbéèrè Kẹta

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹ́fà ni ọmọbìnrin mi ra ìgò omi kan fún mi ní Riviera, àdúgbò kan ní Abidjan, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Omi lásán ni o, kò ní ṣúgà, kò ní àwọ̀. Mo yí ìgò náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, bóyá mo lè rí ohun tó mú un wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo rántí ìgbà tí garawa omi kan nídìí ẹ̀rọ àdúgbò wa ní Treichville jẹ́ sẹ́fà márùn-ún, tí àwo ìrẹsì pẹ̀lú ẹja jẹ́ ogójì, tí ọgọ́rùn-ún sẹ́fà lè gbé èèyàn wọ takisí kí ó sì tún ṣẹ́ kù fún ìpápánu. Láyé ìgbà náà, kò sí ohun tó pọ́ọ́kú tó omi ní Abidjan, ìlú tí ọ̀sà yí ká. Síbẹ̀, nínú ìlú olómi yẹn ni bàbá mi ti fi ọgbọ̀n ọdún yẹra fún omi mímu, ibẹ̀ náà sì ni òkúta ti dì sí i nínú kíndìnrín.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ó ti dé Abidjan kí wọ́n tó bí mi, àwo tánganran ló sì ń tà ní ọjà Treichville: abọ́, báásì, kẹ́tùlù, àti ìkòkò olómorí tí àwọn ìyàwó ilé ń tò sókè kọ́bọ́ọ̀dù láti fi ṣẹ̀ṣọ́. Ànàgó ni àwọn onílùú ń pe gbogbo wa, wọ́n sì gbà pé Ànàgó kì í kúrò nídìí ọjà rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilé ìtọ̀ ọjà jìnnà, ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn alápatà ló wà, àwọn bàbá wa sì ti ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹni tó bá mumi á tọ̀, ẹni tó bá sì lọ tọ̀ á pàdánù oníbàárà. "Oníbàárà kì í bá ìjókòó òfìfo nájà," ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá dé láti ilé. Ife omi kan ní ìdájí, ife kan lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbà, ó tán. Ọmọṣẹ́ tó bá ń bu omi mu lọ́sàn-án, wọn á bi í pé, "Ṣé orísun odò ni ọ́ ni?" Oòrùn Abidjan á máa jó wọn, òógùn á máa ṣàn, wọn kò ní tọ́ omi wò. Wọ́n ń fi í yangàn bí ọmọ ogun ṣe ń fi ojú ọgbẹ́ yangàn.

Èmi ní tèmi, mo wà ní yunifásítì ní Cocody, mò ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wa tó dé irú ibẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Mo ní ìwé òfin ńlá kan tó wúwo bí bíríkì, mo máa ń ṣí i sílẹ̀ lórí itan nínú bọ́ọ̀sì. Ojú ìwé tí mo bá ṣí ní Treichville, òun náà ni mo ń gbé dé Cocody. Kì í ṣe pé mò ń kà á, mo kàn fẹ́ kí àwọn èrò rí i ni.

Ní nǹkan bí 1974, òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ìsinmi, mo jókòó sí ìsọ̀ bàbá mi, mò ń ka ìwé ìròyìn. Obìnrin kan ń ná báásì olódòdó kan. Bàbá mi dárúkọ iye rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìhà òsì rẹ̀, ó tún dárúkọ iye kan náà bí ẹni pé ó ti gbàgbé pé òun ti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ́ po sáàárín ọjà rẹ̀. Báásì ń yí gbirigbiri lọ sójú ọ̀nà, abọ́ ń dún gbàngàn lórí ara wọn, bàbá mi sì ń yí láàárín wọn, ó ń bì, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Bàbá tí mi ò rí kó fara ti ògiri rí níwájú oníbàárà! Obìnrin náà ló kọ́kọ́ figbe ta. Àwọn aládùúgbò ìsọ̀ gbé e sínú takisí, mo fi orí rẹ̀ lé itan mi, a sì gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ìrora náà rọlẹ̀. Wọ́n ṣe ohun tí àwọn ará Abidjan ń pè ní ràdíò fún un, ìyẹn fọ́tò tí ẹ̀rọ ń yà nínú ara. Ní ọjọ́ kejì, dókítà pe àwa méjèèjì wọlé. Òyìnbó Faransé kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni, ó ní sùúrù, ó sì máa ń wo ojú èèyàn tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó gbé fọ́tò náà síwájú iná, ó fi ṣóńṣó bírò kan ojú àmì funfun kékeré kan. Lẹ́yìn náà ló bi bàbá mi pé omi mélòó ló ń mu lójúmọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi na àyà, ó ní, "Ife méjì péré. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ara mi." Mo fi ìgbéraga tirẹ̀ gan-an túmọ̀ ìyẹn náà. Dókítà rọra gbé bírò rẹ̀ sórí tábìlì.

Ohun tó wá sọ nìyí, mo sì rántí rẹ̀ dáadáa nítorí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lé e. Ó ní òkúta náà ti kúrò nínú kíndìnrín, ó ti há sí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà lọ sí àpò rẹ̀. Kò tóbi, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè la ìhà rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n mú un jáde. Wọ́n sì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó máa mu omi lítà mẹ́ta lójúmọ́, kí ó máa rìn, kí ó máa lo oògùn ìrora, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tó kéré báyìí máa ń jáde fúnra wọn. Bí ibà bá dé pẹ̀lú ọ̀tútù, tàbí bí kò bá lè tọ̀ mọ́, kí a gbé e wá lójú ẹsẹ̀, nítorí ìgbà yẹn kò sí ìdúró mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá sì pé tí kò jáde, ọ̀bẹ ló kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kíndìnrín náà lè kú. Ó ní, "Fún irú èyí, èmi á kọ́kọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni, kí ó yàn."

Mo yíjú sí bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, òkúta kan ló há sójú ọ̀nà ìtọ̀. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, kíndìnrín á kú. Wọ́n máa là yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á mú un jáde. Bí ibà bá dé tàbí tí ìtọ̀ bá dí, ká sáré padà wá. Kí ẹ sì máa mumi díẹ̀ sí i."

"Ó tán?"

"Ó tán, Bàbá."

Ó wo dókítà, ó wò mí, ó tún wo dókítà. "Sọ fún un pé mo dúpẹ́. Kí ó fún mi láyè kí n bá àwọn èèyàn mi sọ̀rọ̀."

Mo túmọ̀ ìyẹn pé ó fẹ́ àyè. Dókítà rò pé ìdúró ló yàn, inú rẹ̀ dùn, ó kọ oògùn ìrora fún wa, a sì kúrò níbẹ̀. Báyìí ni ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rí kalẹ̀ níwájú adájọ́ ṣe gbé ìdajì ẹ̀rí pamọ́ sápò.

Kí n má purọ́ mọ́ ara mi, kì í ṣe ìkà ló mú mi ṣe é. Mo ti rí i tó ń yí láàárín abọ́, mi ò fẹ́ rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n pẹ̀lú: bó bá gbọ́ "dúró," ohun tí yóò gbọ́ ni "kò sí nǹkan kan," á padà sídìí ọjà, ife méjì á sì máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan tún wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti èmi nìkan. Ojú ń tì mí láti délé kí n sọ pé ilé ìwòsàn ńlá, ràdíò, àti òyìnbó onírun funfun, gbogbo wọn parí ọ̀rọ̀ wọn sórí omi mímu. Ọ̀bẹ ló jọ ọ̀làjú lójú mi.

Bàbá mi kò jiyàn. Ó kàn ṣe é bí ó ṣe ń ṣòwò. Bí oníṣòwò tuntun kan bá gbé ọjà wá, bàbá mi kì í bi oníṣòwò náà ní nǹkan kan. Ẹni tó ti ra irú rẹ̀ rí ló ń wá lọ, ìbéèrè mẹ́ta ló sì máa ń bi í. Kí ló ná ọ? Báwo ló ṣe rí lẹ́yìn ọdún kan? Kí ni ẹni tó tà á kò sọ fún ọ? Ó ní ìbéèrè kẹta ni iyì wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni àbùkù àwo máa ń sá pamọ́ sí.

Lọ́jọ́ Àìkú, a lọ sí ìpàdé ọmọ ìlú wa. Olórí ọmọ ìlú, àgbàlagbà kan tó ti ń ta aṣọ ní Treichville láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ló ń darí ìpàdé. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ òkúta, gbogbo ẹnu ló là lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé bàbá mi lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹlòmíràn ní oje ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun gbọ́ pé bíà ń fọ òkúta jáde, ilé sì hó lé e lórí.

"Bíà! Níwájú Àlùfáà tó gbàdúrà ṣí ìpàdé fún wa?"

"Mo ní mo gbọ́ ni, mi ò ní mo mu ún!"

Olórí ọmọ ìlú na ọwọ́ sókè. "Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dábàá yìí, ta ni òkúta ti ṣe rí nínú yín?" Aránṣọ kan láti ẹ̀yìn ló na ọwọ́ sókè, ó ní òkúta ti ṣe òun. Wọ́n tún júwe ẹni méjì míràn fún wa, oníṣòwò obì kan ní Adjamé àti awakọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́.

Ọ̀dọ̀ aránṣọ la kọ́kọ́ lọ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òun ni wọ́n fi ọ̀bẹ là. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, àpá kan sì là láti ẹ̀yìn ìhà rẹ̀ títí dé ìtòsí ìdodo, bí ibi tí wọ́n rán aṣọ pọ̀ láì wọn ojú rẹ̀ dọ́gba. "Èmi ì bá rán an dáa jù báyìí lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ wò mí, àbí ẹ ti rí òkú tó ń ránṣọ?" Mo wo bàbá mi bí ẹni pé mo ti borí ẹjọ́. Bàbá mi béèrè ìbéèrè kẹta. Aránṣọ jẹ́ kí ẹ̀wù rẹ̀ balẹ̀. "Wọn ò sọ fún mi pé oṣù mẹ́ta ni mi ò ní lè fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Wọn ò sì sọ pé òmíràn lè dì. Ọ̀bẹ mú òkúta lọ o, Bàbá, kò mú ohun tó bí i lọ. Tèmi tóbi bí ẹyin àdàbà, kò sí ọ̀nà míràn. Tiyín ńkọ́, báwo ló ṣe tóbi tó?" Mo yára dáhùn pé a máa padà wá, mo sì fa bàbá mi jáde.

Oníṣòwò obì ní Adjamé jẹ́ àgbà Jùlá kan tó mọ bàbá mi látijọ́. Èdè Jùlá ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bàbá mi ń pè é ní Kọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ẹni. Egbò igi lòun lò. Wọ́n ní kí ó máa se é nínú ìkòkò ńlá, kí ó sì mu odindi ìkòkò náà tán lójúmọ́. Òkúta jáde ní ọjọ́ kejìlá. Mo ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ara mi, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi béèrè ìbéèrè kẹta, àgbà náà rẹ́rìn-ín títí obì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹni tó ta egbò fún mi kò sọ fún mi bóyá egbò ló lé e jáde ni tàbí omi inú ìkòkò. Mo bi í. Ó ní kí n má da ara mi láàmú." Ó tún jẹ obì díẹ̀. "Kò sì sọ iye àwọn tó mu ún tí kò jáde fún."

Mo rí i pé bàbá mi ń wo ìkòkò omi tó wà ní ẹnu ọ̀nà àgbà náà.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, a wá awakọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ náà lọ sí Yopougon, níbi tó ti ń kó ẹrù fún ilé iṣẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ la bá a, ó ń jẹ búrẹ́dì, ìgò omi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi, ó fún wa ní pákó kan láti jókòó. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la bàbá mi, ẹnu yà á.

"Ọ̀bẹ kẹ̀? Ṣé ó tóbi púpọ̀ ni?"

Bàbá mi wò mí. Kò sí ibi tí mo fẹ́ sá sí láàárín ọkọ̀ ẹrù. Mo ní, "Bíi hóró ìrẹsì."

"Hóró ìrẹsì! Ó dọ́gba pẹ̀lú tèmi! Ẹ̀yin Bàbá, dókítà ní kí n dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n máa mumi bíi ràkúnmí. Ọjọ́ kẹsàn-án ló jáde. Dókítà tiyín ò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ni?"

Bàbá mi béèrè ìbéèrè kẹta rẹ̀, nítorí òun kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Awakọ̀ gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. "Wọn ò sọ fún mi pé lọ́jọ́ tó máa jáde, màá pe ìyá mi tó ti kú lórúkọ. Ẹ múra sílẹ̀, Bàbá. Kì í ṣe eré."

Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbàdúrà fún un, a rìn dé ibi tí igi kan ti ṣíji bo ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti dúró.

"Ó kan ìwọ wàyí," ló wí. "Ìwọ lo tà á fún mi. Kí ni o kò sọ fún mi?"

Mo sọ fún un: ọ̀nà méjì, lítà mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kíkú tí kíndìnrín lè kú bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀. Kò bínú bí mo ṣe rò. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Mi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ti ọjà. *Trois* ni mò ń pe ẹẹ́ta fún oníbàárà láti àárọ̀ dalẹ́. Dókítà pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ìwọ wá ń túmọ̀, mò ń retí ẹẹ́ta, ẹẹ́ta kò jáde lẹ́nu rẹ. Mo ní kí n kàn wò ó bóyá ìwọ fúnra rẹ á sọ ọ́."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lọ ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Síbẹ̀, agbẹjọ́rò ni mo fẹ́ jẹ́, mo gbé òwe dìde láti fi gbèjà ara mi. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹ padà sídìí ọjà, kí ẹ má mumi, kí òkúta wá pa yín."

"Fi tọmọ jẹ́ ẹ, ni wọ́n wí. Wọn ò ní kí o gbé ìdajì rẹ̀ mì." Ó fi ọwọ́ kan ìhà rẹ̀. "Ara ta ni èyí?"

"Tiyín ni, Bàbá."

"Òótọ́ ni pé èmi ì bá má mumi. O mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o sọ ọ́ fún mi, kí o wá bá mi jà lórí rẹ̀. Ìjà yẹn ni mo rán ẹ lọ sí yunifásítì lọ kọ́." Ó tẹ̀ síwájú, mo sì tẹ̀ lé e bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá.

Ó ní ká padà sọ́dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó mú àbúrò mi obìnrin dání, tó wà ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà náà, kí ó máa gbọ́ ohun tí mò ń túmọ̀. Ẹ wo ìtìjú! Ọmọ yunifásítì ń túmọ̀, ọmọ lísè ń ṣọ́ ọ. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí mo bá parí, bàbá mi á wo ojú rẹ̀, òun á sì mi orí bí adájọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tún sọ nǹkan kan nípa iyọ̀," òótọ́ sì ni, dókítà ní kí ó dín iyọ̀ kù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tán, bàbá mi dá ìpinnu rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó là á sílẹ̀ bí ẹni ń parí ọjà: ó ti wo ọ̀bẹ, ọ̀bẹ dára fún èyí tó tóbi. Ó ti wo egbò, omi ló ń ta ara rẹ̀ nínú egbò. Òun á mumi. Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, tàbí ọjọ́ tí ọ̀tútù bá mú òun, òun á sùn sílẹ̀ fún ọ̀bẹ láìjiyàn. Dókítà sọ fún wa pé ọ̀sẹ̀ kan ti ń lọ nínú mẹ́ta náà.

Ẹ̀rù ọjọ́ tó kù yẹn bà mí ju ìdánwò kankan lọ. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyá mi á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí bàbá mi kí ó tó jẹ́ kí ó jáde. Ìgò lítà mẹ́ta ni bàbá mi tò sí iwájú ìsọ̀, láàárín kẹ́tùlù, àwọn oníbàárà sì ń bi í pé èló ni. Àwọn aládùúgbò ìsọ̀ kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ ti wá di orísun odò ni?" Á dá wọn lóhùn pé, "Àní adágún!" á sì dìde lọ sẹ́yìn àwọn alápatà lẹ́ẹ̀kẹfà. Èmi ni mò ń jókòó sórí ìjókòó rẹ̀ nígbà tí kò bá sí níbẹ̀, mo gbé ìwé òfin mi sí abẹ́ àpótí, n kò ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìrora náà padà, ẹ̀ẹ̀mejì ló mu oògùn, tó di ògiri mú, tó sì tún mumi lé e. Bí ó bá wà nílé, inú póò tánganran funfun kan tó mú láti inú ọjà rẹ̀ ló ń tọ̀ sí, kí òkúta má baà bọ́ sọnù, nítorí dókítà fẹ́ rí i.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú ni, èmi, ìyá mi àti àbúrò mi ń jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá mi wà nínú yàrá. A gbọ́ ọ tó pe ìyá rẹ̀ tó ti kú lórúkọ, bí awakọ̀ ṣe wí gẹ́lẹ́. Ìyá mi ti dìde. A wá gbọ́ ìró kékeré kan: *kín*. Gbogbo wa dúró síbi tí a wà. Bàbá mi, tó lè fi etí lásán mọ̀ bí àwo bá sán, pariwo láti inú yàrá pé, "Kì í ṣe àwo ló dún yẹn o!" Ìyá mi bú sẹ́kún àti ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan náà.

Òkúta náà rí bíi hóró ìrẹsì tí wọ́n jó díẹ̀, ó ní ẹ̀gún tíntìntín lára. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà nínú ike oògùn, tí ràdíò sì fi hàn pé ọ̀nà ti là, bàbá mi ní kí n bi í ní ìbéèrè kẹta. Mo bi í: kí ni ó kù tí kò tíì sọ fún wa? Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí aláìsàn tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ní ohun tó kù ni pé irú rẹ̀ lè padà, àti pé ọmọ máa ń jogún rẹ̀ nígbà míràn. Ó wò mí bó ṣe sọ ọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò.

Lẹ́yìn náà, bàbá mi ṣe ohun tí mi ò rò pé Ànàgó kan lè ṣe. Ó bá àwọn aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá lọ tọ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bá a nájà títí á fi dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣe é. Kẹ́tùlù omi wá wà níwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọṣẹ́ tó dé láti ilé lẹ́yìn ìgbà náà, omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kí i. Ní tèmi, mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo sì di agbẹjọ́rò. Gbogbo oníbàárà tó wọ ọ́fíìsì mi ni mo sọ gbogbo ọ̀nà tó wà nílẹ̀ fún, títí kan èyí tí kò wù mí, lẹ́yìn náà ni mo ń bá wọn jà lórí rẹ̀.

Òkúta tí dókítà sọtẹ́lẹ̀ dé bá mi lọ́dún tó kọjá. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ dókítà, ló jókòó tì mí. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, nítorí náà èmi ń sọ Yorùbá, òun ń fi Faransé dáhùn. Ó ní ẹ̀rọ kan wà báyìí tó ń fọ́ òkúta láti ìta láìfọwọ́ kan ara. Ó ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oníná kan wà tó ń gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé lọ bá a. Èyí tí wọ́n ṣe fún aránṣọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é mọ́. Tèmi ti tóbi ju èyí tí omi nìkan lè lé jáde. Ó ń polówó ẹ̀rọ ìta fún mi pẹ̀lú ayọ̀, mo rí ara mi ní ọmọ ogún ọdún lójú rẹ̀. Mo ní, "Kí ni o kò tíì sọ fún mi?" Ó wá sọ ọ́: ẹ̀rọ á fọ́ ọ, ṣùgbọ́n èmi ni màá tọ àfọ́kù rẹ̀ jáde, ó lè dùn mí bó ṣe dun bàbá mi, wọ́n sì lè ní láti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo yan ẹ̀rọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n ṣe é. Mo pe ìyá mi lórúkọ.

Bàbá mi ti lọ. Ó gbó dáadáa, òkúta kò padà sí i, ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì sùn sí. Ìyá mi tẹ̀ lé e láàárín ọdún kan. Aránṣọ ti lọ pẹ̀lú àpá rẹ̀, oníṣòwò obì ti lọ, olórí ọmọ ìlú ti lọ. Dókítà padà sí ìlú rẹ̀, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Awakọ̀ wà láàyè ní Ọ̀yọ́, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló máa ń gbé fóònù sí i létí. Póò funfun náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kò sán. Nínú àwa mẹ́ta tí a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a gbọ́ ìró yẹn, èmi àti àbúrò mi obìnrin ló ṣẹ́ kù. Ó máa ń pè mí láàárọ̀ láàárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mumi?"

"Mo ti mu ún."

"Kí ni ẹ kò tíì sọ fún mi?"

N ó sì dìde lọ bu omi náà.